Kì í ṣe LEGO ló kọ́kọ́ ṣe bíríkì oníke

Àwọn èèyàn ń pín in kiri pé Ole Kirk Christiansen, ará Denmark tó dá ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré LEGO sílẹ̀, ló fúnra rẹ̀ ronú kan bíríkì oníke táwọn ọmọdé fi ń kọ́lé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ni Christiansen. Igi ló fi ń ṣe ohun ìṣeré ní ìlú Billund, ní Denmark, láti 1932. Hilary Fisher Page (ọkùnrin ni o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín) ló ti ń ta bíríkì oníke tó ní kókó lórí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ orúkọ Kiddicraft. Àpẹẹrẹ bíríkì Page yìí ni Christiansen àti ọmọ rẹ̀, Godtfred, rí, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n sì gbé tiwọn jáde ní 1949. LEGO alára ò sẹ́ ẹ.

Àmọ́ ká má fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Inú bíríkì àkọ́kọ́ yẹn ṣófo, kì í fi bẹ́ẹ̀ di ara mú. Ohun tí ọmọ bá fi tò kì í pẹ́ tú. Ẹ dojú bíríkì LEGO òde òní dé, ẹ ó rí àwọn ọ̀pá róbótó oníhò nínú rẹ̀. Àwọn ló ń há mọ́ kókó bíríkì tó wà nísàlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní 1958, tiwọn ni pátápátá.

Page ti kú ní 1957. Ní 1981 ni LEGO tó ra ẹ̀tọ́ bíríkì Kiddicraft.