Abẹ́ ilẹ̀ ni òkun ń gbà wọ Tuvalu, odi ò lè dá a dúró

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Tuvalu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kéékèèké inú òkun Pàsífíìkì tí omi òkun ń yọ lẹ́nu, ò ní jáde kí ẹnìkan má sọ pé: "Kí wọ́n ṣáà mọ odi yí ìlú wọn ká bíi ti àwọn ará Hólàńdì, kí kálukú lọ sùn." Ó dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ná. Amọ̀ pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Hólàńdì, omi kì í tètè rí àyè gbà á kọjá. Ẹ mọ odi, ẹ fi ẹ̀rọ fa ìwọ̀nba tó bá jò wọlé, ilẹ̀ á gbẹ. Ní Fongafale, erékùṣù tó jẹ́ ojúkò Funafuti, olú ìlú Tuvalu, òkúta iyùn inú òkun àti yanrìn ni gbogbo rẹ̀, ó lu bí ajere. Nígbà tí òkun bá kún jù lọ, láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, omi iyọ̀ máa ń sun jáde láàárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí ìgbì kankan ò dé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbẹ́ kòtò káàkiri láti fi rí iyùn tẹ́ pápá yẹn. Kí wọ́n tó wá dí wọn, bí òkun bá kún, kòtò á kún; bó bá fà, kòtò á fà. Odi wo ló fẹ́ dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró? Ẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, òkun Pàsífíìkì lẹ ń fà.

Òǹgbẹ ló sì máa ṣáájú ìkún omi. Tuvalu ò ní odò kankan. Òjò tó bá wọlẹ̀ máa ń léfòó lórí omi iyọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò dé láti gbin pulaka, kókò ńlá kan. Tí iyọ̀ bá dé ibẹ̀, ewé á pọ́n, iṣu á jẹrà nílẹ̀. Ó wá ku omi orí páànù. Òjò mìlímítà 1 lórí òrùlé mítà onígun mẹ́rin 100 jẹ́ lítà 100, ẹ yọ bí ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù. Táǹkì lítà 10,000, ènìyàn mẹ́fà, lítà 50 fún ẹnìkan lójúmọ́: ọjọ́ 33, ó tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé ni gọ́tà wà, omi tẹ́ ẹ máa rí á dín sí ìdajì. Lọ́dún 2011 tí òjò kọ̀, ìjọba kéde pàjáwìrì, lítà 40, ìyẹn garawa méjì, ni ilé kan ń gbà lójúmọ́ ní Funafuti.

Ó dáa, àwọn onímọ̀ wọn àwọn erékùṣù náà, wọ́n ní ilẹ̀ wọn fẹ̀ sí i ní ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 1971 sí 2014, torí ìgbì ń da yanrìn sí etí wọn. Mo gbà. Fífẹ̀ kọ́ ni gíga, iyọ̀ ò sì wo ìbú.

Àwọn tó ń gbébẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ní Fongafale, tí wọ́n parí lọ́dún 2023, ni pé wọ́n fa yanrìn látinú ọ̀sà, wọ́n dà á sí etí ìlú ní gígùn mítà 780, fífẹ̀ bíi mítà 100, wọ́n sì gbé e ga kọjá ibi tí ìgbì ìjì lè dé. Ilẹ̀ ni wọ́n gbé sókè. Hẹ́kítà 7.3 ni gbogbo rẹ̀, nínú orílẹ̀-èdè tó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 26.