Wọ́n ní kí wọ́n he é, a lọ rà á

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan pàtẹ níbí nínú Ìlọrin. Ọmọ àbúrò mi wà lára wọn, SS1 ló wà. Iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn gbé fún wọn kò ní wàhálà nínú: kí kálukú he nǹkan tí àwọn èèyàn ti sọ nù, kí ó sì fi ṣe ohun tí ojú lè wò. "He" yẹn gan-an ni olùkọ́ náà pè é nígbà tó ń bá àwa òbí àti alágbàtọ́ sọ̀rọ̀, òun ni kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Púpọ̀ nínú ohun tí mo rí lórí tábìlì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni he. Ṣíbí oníke tuntun, tó ń dán, tí kò tíì kan ọbẹ̀ rí. Abọ́ tí wọ́n ń lò níbi ináwó, odidi páálí kan. Ìyá kan tó dúró tì mí ní òun ra míńírà kíréètì méjì, pé òun ní kí àwọn ará ilé tètè mu ún tán nítorí ìdérí rẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló fi ṣe é, mi ò bá a wí. Èmi náà, nígbà tí ọmọ àbúrò mi sọ pé òun nílò ọ̀rá píọ̀wọ́tà bí 300, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé kí n ra báàgì omi 15 fún un, nítorí 20 ló wà nínú báàgì kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣèyọnu, mo ti rí ibi tí màá ti ṣà á."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣà á. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn bí ẹni sá aṣọ, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wá lọ bá bàbá kan ládùúgbò wọn tó ń hun òfì, bàbá náà sì gbà kó máa jókòó ti òun tó bá ti ilé kéwú dé. Ohun tó hun kò fẹ̀ ju ìbú òfì kan lọ. Funfun ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà búlúù tó wà lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ti di ìlà tín-ín-rín nínú rẹ̀. Téèyàn bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, àfi bí ẹtù tí wọ́n yí padà, tí funfun wá pọ̀, tí aró wá di ìlà.

Ohun tó sọ fún mi ló wú mi lórí ju aṣọ náà lọ. Ó ní òun rò tẹ́lẹ̀ pé bákan náà ni gbogbo ọ̀rá omi rí. Ó ti mọ̀ báyìí pé èyí tó pẹ́ nínú oòrùn máa ń ya mọ́ èèyàn lọ́wọ́, pé èyí tó wà lábẹ́ igi ṣì le. Ó mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pọ̀ jù níwájú mọ́ṣáláṣí wọn. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ he nǹkan nílẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ pé ta ló jù ú síbí, kí ló dé tí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò Àsà fi kún tó báyìí. Ọmọ tí a ra tuntun fún, kò sí ìbéèrè kankan fún un ju bóyá ó pé lọ.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà náà ń he nǹkan. El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tí wọ́n bí ní 1944, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì Nsukka ní 1975, àpò kan tó kún fún ìdérí ìgò ọtí ló rí he nínú igbó níbẹ̀. Ó gbé e sílé, kò tètè mọ ohun tí yóò fi ṣe. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà bàbà so ọ̀kan mọ́ èkejì títí tó fi di aṣọ ńláńlá tó lè bo ògiri. Ó ti ṣàlàyé pé ọtí wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó fi bá wa dòwò, títí kan òwò ẹrú. Ní 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní Ítálì, fún iṣẹ́ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹnìkan tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ní ẹ̀kọ́ òyìnbó ni kéèyàn sọ àlòkù di ọ̀tun. Rárá o. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń mọ ìkòkò ní Dàda, lọ́nà Òkèlele. Ó ṣa èyí tó fọ́ nínú iná, ó sì to ó sínú iyẹ̀pẹ̀ ní òró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe to àpáàdì sí ojú ilẹ̀ ní Ifẹ̀ àtijọ́, èyí tí ìtàn so mọ́ Ọ̀ọ̀ni Lúwo. Àpáàdì yìí náà ni àwọn ìyá wa fi ń fọn iná láti ilé kan sí ìkejì. Ìkòkò fọ́, wọ́n fún àfọ́kù rẹ̀ lórúkọ, wọ́n fún un níṣẹ́. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ni mo wò pẹ́ jù, àwọn èèyàn sì ń kọjá lára rẹ̀ lọ síbi ṣíbí tó ń dán.

Mo mọ ohun tó ń lé àwọn òbí lọ sọ́jà. Ìtìjú ni. Aládùúgbò kan bi àbúrò mi bóyá kò sí owó nílé ni tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣa ọ̀rá kiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ti ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù, òótọ́ ni, kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ fún ọmọ, kí àgbà kan sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sẹ́yìn gbọ̀ngàn, wọ́n dáná sun ún, ike àti ọ̀rá lápapọ̀, èéfín dúdú bo àwọn ọmọ. Ó dùn mí gan-an. Mo ti gbé ti ọmọ wa kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣáná.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùkọ́ fún ni pé, nígbà mìíràn, kí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ibi tó ti he nǹkan rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ àbúrò mi kọ tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kọ ọ́, ó gán an mọ́ ìdí aṣọ náà. Iwájú mọ́ṣáláṣí, 94. Gọ́tà Ọjà Ọba, 61. Ibi ìsọmọlórúkọ, 120. Ilé wa, 38.