Níbo ni ìjà Ẹfúnṣetán ti bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tíátà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ọ̀rẹ́ mi ní ìgbà tí Látóòsà, Ààrẹ tó ń ṣolórí Ìbàdàn, kógun wọ ilé Ìyálóde Ẹfúnṣetán ni ìforígbárí tó dé. Èmi kò gbà. Ó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti ṣòfin pé ẹrú kankan kò gbọdọ̀ lóyún nínú agboolé òun, nítorí pé bí ẹnìkan bá ń lépa ohun kan, tí ẹlòmíràn sì dínà mọ́ ọn, ìforígbárí ti dé, yálà wọ́n yọ idà tàbí wọn kò yọ ọ́.

Ọmọ Òjé: Òfin nìkan kì í ṣe ìṣe. Òfin lè wà fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má rú u, àwọn òǹwòran á sì ti sùn lọ. Oyún Adétutù, ẹrúbìnrin Ìyálóde, ló gbé eré náà dìde: bí Ìyálóde bá dárí jì í, òfin ti bàjẹ́; bí ó bá pa á, ó ti dá ọ̀tá sílẹ̀ nínú ilé àti ní ìlú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí ló kú lórí ìkúnlẹ̀! Òun àti ara rẹ̀ ni wọ́n ń jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tíátà: Òótọ́ ni, mà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ inú kò ṣeé wò lórí ìtàgé àfi tí ó bá di ohun tí ọwọ́ ṣe. Ìgbà tí ó ní kí wọ́n bẹ́ aboyún náà lórí ni a tó rí ọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Òṣèrébìnrin tó mọṣẹ́ lè tẹjú mọ́ ikùn ọmọ náà lásán, kí ara gbogbo wa sì bù máṣọ.

Ọmọ Òjé: Àbí wíwò náà kì í ṣe ìṣe?

Bàbá Onítàn: Ẹ wo ìparí rẹ̀. Ìtàn Ìbàdàn sọ pé àwọn ẹrú Ìyálóde fúnra wọn ni wọ́n pa á lóru ní ọdún 1874. Nínú eré, májèlé ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ mu. Látóòsà ti ṣẹ́gun, síbẹ̀ òǹkọ̀wé fi ìpinnu ìkẹyìn lé obìnrin náà lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí wọ́n kàn pa lójú oorun kò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Òjé: Ìyẹn wọ̀ mí létí, Bàbá. Ṣùgbọ́n láìsí ikú Adétutù, ẹ̀sùn wo ni Látóòsà ì bá fi ru ìlú sókè?