Àtúnṣe: Kò sí ẹni tó gbẹ́ ojú èèyàn sórí Mars

Àwòrán kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp: òkè kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars tó ní ojú, imú àti ẹnu bíi ti èèyàn. Wọ́n ní àwọn ẹ̀dá kan ló gbẹ́ ẹ, àti pé ńṣe ni NASA, àjọ ìwádìí òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń fi í pa mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán náà kì í ṣe ayédèrú o. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Viking 1, ọkọ̀ òfurufú NASA tí kò ní èèyàn nínú, ló yà á ní agbègbè kan lórí Mars tó ń jẹ́ Cydonia, ọjọ́ 25 oṣù Keje, 1976, NASA fúnra rẹ̀ ló sì gbé e jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ nìyẹn?

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà náà, òjìji sì bo apá kan òkè náà. Àmì kékeré kọ̀ọ̀kan (pixel) tó para pọ̀ di àwòrán yẹn dúró fún nǹkan bíi 50 mítà ilẹ̀: odindi ilé ńlá á wọ inú àmì kan. Ihò imú tí ẹ ń rí yẹn ńkọ́? Àlàfo dúdú lásán ni, níbi tí ìsọfúnni ti sọnù kó tó dé Ayé.

Ní 2001, ọkọ̀ òfurufú NASA míì, Mars Global Surveyor, tún un yà. Ilẹ̀ tí àmì kan dúró fún kò tó mítà 2 mọ́. Òkè àpáta tó ti jẹra la rí, kò sójú, kò símú.

Ẹni tó pín in kò jẹ̀bi; ojú ọmọ èèyàn máa ń tètè rí ojú níbi tí kò sí. Ẹ wá “Cydonia” lórí ìkànnì NASA, kí ẹ fi àwòrán méjèèjì wéra, kí ẹ sì jọ̀wọ́ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí tàkọ́kọ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín.