Ọ̀rá kọ́ lẹ ń bì yẹn

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti London. Òde ìkómọ ni wọ́n ti dé. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sáàárín ẹsẹ̀, èébì sì ń gbé wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ. Wọ́n ní ìrẹsì abọ́ kan péré, ẹran díndín mẹ́ta, mọ́ínmọ́ín kan. Kí wọ́n tó sọ tán, ó tún ti dé. Nígbà tó rọlẹ̀, ohùn wọn ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni inú wọn ń dùn. Wọ́n ní, “Má kọminú, àbúrò mi. Oògùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rá ló ń tú jáde yìí.”

Wegovy ni oògùn ọ̀hún, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí wọ́n lè fọn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gba Ozempic ní Èkó, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gba Mounjaro, abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń fọn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dà rú a máa bẹ̀rù pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹlòmíràn á fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí tíì ìfọnú kún un, kí ìdọ̀tí lè tètè jáde. Mo tiẹ̀ mọ ẹnì kan tó fúnra rẹ̀ gbé ìwọ̀n oògùn sókè nítorí pé èébì kò gbé e.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, n kò sì ní fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Inú rẹ̀ la dàgbà sí. Bí ìsinmi ilé ìwé bá dé, màmá wa á se àgbo fún gbogbo wa, a ó máa sáré lọ sí ṣáláńgá láti àárọ̀ dọ̀sán, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ní inú wa ti mọ́. Àgbo tó bá korò jù la gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe oògùn ìfọnú.

Semaglutide ni oògùn tó wà nínú Wegovy àti Ozempic. Ó fara jọ họ́mọ̀nù kan, GLP-1, tí ìfun wa fúnra rẹ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí a bá jẹun. Họ́mọ̀nù yìí ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó ti tó. Òun náà ló ń sọ fún àpòlúkù pé kó má kánjú da oúnjẹ sínú ìfun. Nítorí náà, ebi kì í pa ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ náà bíi tàtẹ̀yìnwá, oúnjẹ tó ń jẹ á dín kù, ara rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀rá tó ti kó pamọ́. Ibẹ̀ ni fífọn ti ń wá. Èébì ńkọ́? Oúnjẹ tó pẹ́ jù nínú àpòlúkù wà lára ohun tó ń fà á, oògùn náà sì tún ń fọwọ́ kan ibi tó ń darí èébì nínú ọpọlọ.

Ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n mi ń wí kò sí nínú àpòlúkù rárá. Abẹ́ awọ ló wà, àti yíká ìfun, kò sì sí bó ṣe lè dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣé ẹ mọ ibi tó ń gbà jáde? Imú. Ní 2014, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Ọsirélíà ṣírò rẹ̀: bí ara bá ná ọ̀rá kílò 10 tán, nǹkan bíi kílò 8.4 ló ń bá èémí jáde, kílò 1.6 tó kù á di omi. Ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi, ìrẹsì ni.

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n dán oògùn náà wò lára wọn. Nínú àyẹ̀wò STEP 1 tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, èèyàn 1,961 ló kópa fún ọ̀sẹ̀ 68. Ìwọ̀n ara àwọn tó gba semaglutide dín ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú dín ní ìdá 2.4 péré. Nínú èèyàn 100 tó lo Wegovy nínú àwọn àyẹ̀wò rẹ̀, nǹkan bí 44 ni èébì gbé, nǹkan bí 24 ló bì. Àwọn yòókù ò bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé wọn ò fọn ni? Wọ́n fọn. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kó èsì STEP 1, 2 àti 3 jọ, wọ́n wá iye tí inú dídàrú dá kún fífọn àwọn èèyàn náà. Ohun tí wọ́n rí kò tó ìdá 1 nínú 100 ìwọ̀n ara.

Omi àti iyọ̀ ara ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń gbé lọ. Òṣùwọ̀n lè sọ lọ́jọ́ kejì pé ẹ ti fúyẹ́, ife omi mélòó kan ló máa dá a padà. Bí omi ara bá gbẹ jù, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn wà nínú ìwé tó ń bá oògùn náà wá nínú páálí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kún un. Bí ìgbẹ́ ò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú omi, ìbẹ́pẹ, ilá, àti ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí kò bá gbọ́, ẹ bi apòògùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn. “Wọ́n á gba oògùn lọ́wọ́ mi,” ni wọ́n ń wí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi mú wọn pè é. Nọ́ọ̀sì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n padà sí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fún oṣù kan sí i. Àtẹ̀gùn ni wọ́n to Wegovy sí: mílígírámù 0.25 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi ń gùn ún lọ sí 0.5, 1, 1.7, títí dé 2.4, kí inú lè mọ́ ọn lára. Àsìkò tí wọ́n bá gbé e sókè ni inú máa ń dà rú jù. Ẹni tó bá pẹ́ lórí àtẹ̀gùn kan kò ṣẹ̀.

Èyí tó kù, oúnjẹ ni. Ohun tí òróró bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú àpòlúkù, kí oògùn tó dé rárá. Bí oògùn bá wá kún un, ẹran díndín òde ọ̀sán lè wà níbẹ̀ dòru. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ kékeré ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́: àmàlà tí kò ju ìkúùkù lọ, ewédú, ẹja tí wọn kò dín. Èyí tó le jù fún wọn ni láti fi oúnjẹ sílẹ̀ nígbà tí ikùn bá kọ́kọ́ sọ pé ó tó, torí nílé tiwa, ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ni wọ́n máa ń bá wí. Wọn kì í dùbúlẹ̀ mọ́ títí wákàtí méjì sí mẹ́ta á fi kọjá. Lọ́jọ́ tí inú bá ń rú wọn, ẹ̀kọ mímu ni, díẹ̀díẹ̀, tàbí omi tí wọ́n fi jínjà sè.

Bí ẹ bá ń bì tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru mú yín, ẹ po omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ẹ máa mu ún ní kékeré-kékeré. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Bó bá ń lo insulin tàbí Daonil, kó má fi àìlèjẹun pamọ́ fún dókítà rárá, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìpamọ́ra: bí omi pàápàá kò bá dúró nínú yín fún odindi ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ bá dúdú tó sì kéré, bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, bí òkè ikùn bá ń dùn yín gidi tí ìrora náà lọ sí ẹ̀yìn tí kò dáwọ́ dúró, bí funfun ẹyinjú bá di yẹ́lò bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ẹ má gún abẹ́rẹ́ tó kàn. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi padà sí ìwọ̀n kékeré yẹn, wọn ò bì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gun òṣùwọ̀n níparí rẹ̀, wọ́n pè mí: kílò méjì ló tún ti lọ. “Láìbì?” Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀. Lóde tí wọ́n tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, ìdajì mọ́ínmọ́ín ni wọ́n jẹ, wọ́n ní kí ìyá ọmọ bá àwọn di ìyókù sínú ike.