Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Kọ Oògùn Ibà

Bí ara bá gbóná fún ènìyàn ní Múṣín, ní Bàrígà tàbí ní Ọbáléndé lónìí, kí oòrùn tó wọ̀, ẹnìkan yóò ti sọ fún un pé ibà ni ó ń ṣe é, ẹlòmíràn yóò sì ti fi táífọ́ọ̀dù kún un. Ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni alájọgbélé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọmọdékùnrin tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì ìkòríta, ẹni tí yóò ṣa oògùn jọ fún un sínú láílọ́ọ̀nù kékeré: ti ibà, ti ara ríro, kápúsù aláwọ̀ méjì, àti fítámì tí wọ́n ní yóò fún un lágbára. A kò dá ìyá lẹ́bi, nítorí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ohun tó ká wa lára ni pé bí aláìsàn náà bá wá dé ilé ìwòsàn, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un níbẹ̀, tí wọ́n á sì ti kọ oògùn tán kí ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ó tó gẹ́ẹ́. Kò yẹ kí ilé ìwòsàn kankan ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìbáà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tún máa fún ènìyàn ní oògùn ibà láìkọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa fi èsì Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, ẹyọ kan ṣoṣo sọ pé aláìsàn ní àrùn náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sì yẹ kí wọ́n gbé owó àyẹ̀wò ibà, kí ìlànà tó dára má baà di ohun tí yóò lé tálákà padà sọ́dọ̀ alágbo.

Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní ibà wò kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, ìlànà orílẹ̀-èdè wa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2005, Nàìjíríà ti fi kolorokúìnì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́lò nítorí pé kòkòrò ibà kò kú sí i mọ́, wọ́n sì fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní ẹ̀yà artemisinin nínú rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ń jẹ ìwọ̀nyí náà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà lọ. Ní Rwanda àti Uganda, àwọn onímọ̀ ti ń rí kòkòrò ibà tó ń pẹ́ kí ó tó kú sí oògùn wọ̀nyí.

Nínú ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí ibà tí wọ́n ṣe ní 2021, wọ́n bá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 22 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jákèjádò Nàìjíríà. Ní Èkó, iye náà kò pé 5. Ẹni tó ń gbé létí gọ́tà yóò bi wá pé ibo wá ni ẹ̀fọn lọ. Ẹ̀fọn kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń kùn sí wa létí lóru ní Lawanson tàbí ní Ìdúmọ̀tà jẹ́ ẹ̀yà Culex, tó ń yé ẹyin sínú omi ìdọ̀tí, tí kì í sì í gbé ibà. Anopheles tó ń gbé e fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń tàn sí, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín ìlú tí kọnkéré ti bo ilẹ̀ rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé ibà ti tán ní Èkó. Ó ṣì ń pa ọmọdé, ẹni tó bá sì lọ ṣọdún nílùú rẹ̀ lè gbé e bọ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé níbi tí ibà ti dínkù tó báyìí, ẹni tí dókítà bá kàn wò lójú tó ní ibà ló ń ṣe é, ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn ni.

Nǹkan mìíràn náà lè jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ òtútù àyà lára ọmọ ọwọ́, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ lára aboyún, tàbí ikọ́ fée lára ọkùnrin tó ti ń làágùn lóru láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n sì ti tọ́jú ibà fún léraléra. Èkó ní pàtàkì kò gbọdọ̀ gbàgbé oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ bàálù wá láti Làìbéríà dùbúlẹ̀ àìsàn sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ní. Nígbà tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wò ó, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn pé kí ó tú u sílẹ̀. Àrùn náà ló pa dókítà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni wọ́n sì kéde pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní wọ́n ti kọ oògùn ibà fún ọkùnrin yẹn kí ó máa lọ ni, inú èrò Èkó ni ì bá ti pòórá.

Ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù burú ju ti ibà lọ, nítorí pé ibà ní àyẹ̀wò kíákíá tó ṣeé gbọ́kàn lé. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe káàkiri láti Agége dé Ìsàlẹ̀ Èkó ni dókítà ará Faransé kan, Fernand Widal, gbé jáde ní 1896. Kì í ṣe kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni ó ń wá. Èròjà tí ara pèsè láti fi bá a jà ni. Ní ìlú tí ènìyàn ti ń pàdé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú omi àti oúnjẹ láti kékeré, èròjà náà lè wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le koko, ó lè wà lára ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn àrùn mìíràn, títí kan ibà, sì lè mú kí àyẹ̀wò náà sọ ohun tí kò sí. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè ṣe é lónìí, kí wọ́n kọ 1/160, ìyẹn ìwọ̀n èròjà náà, fún un sínú ìwé, kí ó lo oògùn tán, kí ó tún padà lọ lẹ́yìn oṣù kan kí ó bá 1/160 kan náà níbẹ̀, tí wọ́n á wá sọ fún un pé táífọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tíì kúrò lára. Ọ̀pọ̀ ará Èkó ló gbà títí di òní pé àwọn ní táífọ́ọ̀dù tí kì í lọ. Lẹ́yìn irú èsì bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn apakòkòrò ń dé: Ciprofloxacin, tàbí abẹ́rẹ́ Ceftriaxone fún ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú dírípù, lára ẹni tó ṣeé ṣe kí ó má ní táífọ́ọ̀dù rárá, tí àwọn kòkòrò mìíràn tó wà lára rẹ̀ sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè yè é.

Àyẹ̀wò tó lè fìdí táífọ́ọ̀dù múlẹ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí aláìsàn tó fi oògùn kan ẹnu, kí wọ́n sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà sí yàrá àyẹ̀wò fún ọjọ́ mélòó kan títí kòkòrò inú rẹ̀ yóò fi hù jáde. Ó ń pẹ́, ó wọ́n, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti lè ṣe é. A mọ̀. Ṣùgbọ́n wíwọ́n tí àyẹ̀wò gidi wọ́n kò sọ èyí tí kò dára di òótọ́. Widal ń pa owó wọlé fún ilé àyẹ̀wò àti ilé ìwòsàn, a sì gbà pé èyí wà nínú ohun tí kò jẹ́ kí ó kásẹ̀ ńlẹ̀.

Àyẹ̀wò ibà ojú ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ kò le. Wọn yóò gún ìka, wọn yóò kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, wọn yóò kán omi rẹ̀ sí i, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20 èsì yóò ti hàn. Kò nílò iná mànàmáná, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè sì lè ṣe é láìsí dókítà. Ó ní àléébù kan: àmì tó ń wá lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ, nítorí náà ó yẹ kí òṣìṣẹ́ béèrè bóyá aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà ni. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìgbà tí èsì bá ní kò sí ibà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yẹsẹ̀, tí wọ́n á ní kí aláìsàn ṣáà lo oògùn ibà náà, kí ó má baà máa bínú pé wọ́n kàn gún òun lásán.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò farasin. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, kí wọ́n fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko: bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún bá mí tó 40, òtútù àyà ni kí wọ́n fura sí, amoxicillin ni yóò sì wúlò fún un. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò fún ikọ́ fée, tí oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Aboyún tí ìtọ̀ ń ta, ìtọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tí wọn kò bá rí nǹkan kan lára rẹ̀, tí kò sì sí àmì ewu, parasitamọ́ọ̀ tó o, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò padà wá kí wọ́n tún un wò. Àgbàlagbà tó bá ti jókòó níbẹ̀ nítorí ibà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì, ó sì lè má tún sí ohun mìíràn tí yóò gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn lọ́dún yẹn. Bí ó bá tó 140/90, kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó pè é ní àìsàn.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyá tó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Balógun kò ráyè dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin kan náà ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìlà gbígba káàdì, láàárín àkókò yẹn gan-an ni wọ́n sì lè ti ṣe àyẹ̀wò náà. Ọ̀rọ̀ owó ló tọ́, òun ni a kò sì fẹ́ kí ìjọba fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tó ti ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà lọ di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ni ó gbé ilé ìwòsàn alábọ́dé lárugẹ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, kí ènìyàn lè rí ìtọ́jú àìsàn tó wọ́pọ̀ nítòsí ilé rẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 sì ti ya owó sọ́tọ̀ fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀. Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti agbègbè ìdàgbàsókè 37. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kí ike àyẹ̀wò ibà tán nínú ilé ìwòsàn rẹ̀ nígbà tí owó wà fún tẹ́ńtì àti ìlù níbi ayẹyẹ káńsù.

Kí ètò adójútòfò Ìlera Èkó kọ̀ láti sanwó oògùn ibà fún ilé ìwòsàn tí kò bá fi èsì àyẹ̀wò tì í, kí ó má sì san kọ́bọ̀ lórí Widal. Kí Ìgbìmọ̀ Àwọn Apòògùn dá àwọn oníkẹ́mísìtì tó gba ìwé àṣẹ lẹ́kọ̀ọ́ láti gún ìka, kí ìjọba fún wọn ní ike àyẹ̀wò náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ, a fẹ́ tàbí a kọ̀. Àjọ HEFAMAA tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ yìí kò sì nílò òfin tuntun láti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé, kí wọ́n béèrè ìwé méjì: èyí tí wọ́n kọ iye oògùn ibà tó jáde lóṣù sí, àti èyí tí wọ́n kọ iye àyẹ̀wò tó fi ibà hàn sí. Níbi tí ti àkọ́kọ́ bá ti ju ti ìkejì lọ, kí ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà ṣàlàyé ara rẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n sì tẹ àlàyé náà jáde kí aráàlú rí i.