AmeriCorps Seniors: wọn ò pa á, wọn ò sì jẹ́ kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀

Èmi ò rí i pé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà máa sọ òfin AmeriCorps Seniors, ètò ìjọba tí àwọn àgbà fi ń yọ̀ǹda ara wọn sìn ládùúgbò, dọ̀tun láìpẹ́. Mi ò sì rí i pé wọ́n máa pa ètò náà. Agbedeméjì tí wọ́n fi àwọn àgbà sí yìí gan-an ló ń bí mi nínú.

Òfin tí Obama buwọ́ lù lọ́dún 2009, èyí tí wọ́n fi sọrí Sẹ́nétọ̀ Edward Kennedy, 2014 ni àṣẹ ìnáwó rẹ̀ mọ. Látìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń bu owó fún un nínú ètò ìṣúná. Ti 2024 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 236 dọ́là.

Kí làwọn àgbà yìí ń ṣe? Láti 1965, nígbà tí Ààrẹ Johnson ń bá òṣì jà, ni Foster Grandparents, ọ̀kan lára ẹ̀ka ètò náà, ti wà. Màmá àgbà á jókòó ti ọmọ kan ní kíláàsì, á máa fìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé, ọmọ á máa kà á tẹ̀ lé e. Àwọn Senior Companions ní tiwọn ń lọ sílé arúgbó bíi tiwọn, wọ́n á bá a ra oúnjẹ, wọ́n á sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni ọdún 55 sókè ni wọ́n, èyí tí ò rí jájẹ nínú wọn sì ń gba dọ́là 4 ní wákàtí kan, níbi tí owó iṣẹ́ tó kéré jù lófin ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ 7.25. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀, 80 dọ́là. Àwọn kan ní ẹni tó ń gbowó ò yọ̀ǹda ara ẹ̀. Kí wọ́n mú 80 dọ́là yẹn lọ sọ́jà Houston ná!

Lọ́dún 2017, Trump ní kí wọ́n fagi lé iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ilé aṣòfin kọ̀. Ó tún dá irú àbá bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2025. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, DOGE, ẹ̀ka tí Trump gbé kalẹ̀ láti dín ìnáwó ìjọba kù, gé nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù dọ́là kúrò nínú owó ìrànwọ́ AmeriCorps lápapọ̀, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé. Adájọ́ kan ní Maryland ló pàṣẹ ní oṣù kẹfà pé kí wọ́n dá owó nǹkan bí ìpínlẹ̀ 24 padà. Owó tí ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí ni wọ́n gé o.

Ohun tó ń gba ètò yìí là ò ju pé àgbà ń dìbò, ó sì wà lágbègbè Republican àti Democrat. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé owó á ṣì máa wá. Òfin tuntun ló le. Bí wọ́n bá gbé e jáde, ẹni tó fẹ́ gé e náà á rí àyè dá sí i, ìyẹn làwọn ọ̀rẹ́ ètò náà fi dákẹ́. Ó yé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú wọn: ìdákẹ́ ọ̀hún ò kúkú dí DOGE lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbò níbẹ̀, ẹ pe aṣojú yín. Ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ràn àgbà, gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í bóyá ó máa fi orúkọ ara ẹ̀ sí àbá òfin tó máa sọ ọ́ dọ̀tun fọ́dún márùn-ún.